Ọmọ mi fẹ́ máa tẹ píánò ní kọ́ńsáàtì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gúnyán mọ́

Màmá Oníyán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kó tó dé etí àwọn àna mi.

Iyán ni mò ń tà, lẹ́bàá títì tó lọ sí Adó. Ọmọ mi obìnrin, tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù tó kọjá, ló ń bá mi gún un tó bá ti ilé ìwé dé. Láti bí ọdún mẹ́rin ló ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò sẹ́ni tó dìídì kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń jókòó sí, títí ọmọkùnrin náà fi lọ sìnrú ìlú. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kí a tó mọ̀, ọmọ mi ti wà lórí àga. Ní báyìí ọ̀gá kọ́áyà ti ń fún un ní ìwé orin, kì í ṣe dò-rè-mí tí àwa mọ̀ o, èyí tó ní ìlà márùn-ún márùn-ún tí wọ́n kó ẹyin dúdú lé lórí. Ó ń kà á bí ẹni ń ka Bíbélì.

Tí kò bá sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí tábìlì tí àwọn oníbàárà fi ń jẹun ló ń tẹ̀. Awakọ̀ kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Màmá, ṣé ara ọmọ yìí dá?" torí ìka rẹ̀ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ọbẹ̀ onítọ̀hún, ojú rẹ̀ ò sì sí lọ́dọ̀ wa. Ó ti fi fóònù mi wo àwọn òyìnbó tó wọ kóòtù dúdú, tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó ti píánò ńlá lórí pèpéle, tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe láyé òun nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe.

Ìyẹn ò tíì le o. Èyí tó le ni pé ọ̀gá kọ́áyà ránṣẹ́ sí mi pé kí ọmọ má gúnyán mọ́, pé ọmọ odó yóò ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá bínú gidi. Ó ní, "Ọmọ Èkìtì tí kò gúnyán! Kí la fẹ́ máa pè é?" Èmi náà ò sì lówó tí n ó fi gba ẹlòmíràn tí yóò máa gún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn. Irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Báwo ni èèyàn ṣe ń gbé ayé nínú rẹ̀? Ṣé ó ń bọ́ ènìyàn? Ṣé òótọ́ sì ni ti iyán yẹn?

Jàǹtò Ìfàkì

Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjì ń ṣe é, ọ̀kan ti wà ní ìlú òyìnbó. Ta ló fẹ́ sanwó ní Adó yìí láti lọ gbọ́ píánò nìkan, tí kò sí onílù, tí kò sẹ́ni tó ń kọrin, tí kò tilẹ̀ sí ibi téèyàn ti lè náwó fún olórin? Èmi a ti sùn kó tó dé ojú ewé kejì.

Ti iyán, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ibi tí ìsọ̀ yín wà gan-an.

Bàbá Dùùrù, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. "Ẹ kú usẹ́" ni à bá wí tó bá jẹ́ pé ojú kojú la wà.

Iyán ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè tú ilé. Ẹni ọdún 68 ni mí. Mo tẹ píánò níwájú èrò fún ogún ọdún ó lé, mo sì gúnyán títí mo fi gbéyàwó, àní lẹ́yìn ìgbéyàwó pàápàá nígbà tí ìyàwó mi bá wà nínú oyún. Kò ba ọwọ́ mi jẹ́. Kódà mo rò pé ó ràn mí lọ́wọ́. Ẹ wo ọmọ yín dáadáa tó bá ń gún un. Kì í ṣe ọrùn ọwọ́ ló fi ń gún un. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó wá jẹ́ kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Èjìká àti ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn ń darí ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni láti mú ohùn ńlá jáde nínú píánò náà nìyẹn: kí apá wúwo wálẹ̀, kí èèyàn má fi ìka jà. Odindi ọdún kan ni olùkọ́ mi l'Ékòó fi bá mi fa ọ̀rọ̀ yìí, kí n tó rántí odó ìyá mi lọ́jọ́ kan, ló bá yé mi.

Ohun tí mo kọ̀ ni gígún un láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tẹ̀ níwájú èrò. Ìléròrò kan péré ní ìdí àtàǹpàkò, alẹ́ yẹn ti bàjẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ba ọwọ́ atẹdùùrù jẹ́ gan-an: dùùrù fúnra rẹ̀ ni, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ kọjá àlà. Ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Leon Fleisher. Ìgbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn gan-an, ní àárín àwọn ọdún 1960, ni ìka méjì tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, kò sì lè nà wọ́n mọ́. Kò gúnyán rí láyé rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó tún padà máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní gbogbo àkókò yẹn ó ń kọ́ni, ó ń darí ẹgbẹ́ olórin, ó sì ń tẹ orin tí wọ́n kọ fún ọwọ́ òsì nìkan. Irú orin bẹ́ẹ̀ wà o. Ọmọ ilẹ̀ Austria kan, Paul Wittgenstein, pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, kò sì fi píánò sílẹ̀. Ó ní kí àwọn tó mọ orin kọ máa kọ ti ọwọ́ òsì fún òun. Ravel ará Faransé wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ gúnyán. Kó má kàn tẹ píánò fún wákàtí mẹ́ta láìsinmi, kó wá ní ọwọ́ ń dun òun, kí ẹ ní kó fara dà á. Tí ọwọ́ bá ń dùn, kó dìde.

Ó ku ti ìgbésí ayé rẹ̀. Tèmi ni n ó sọ.

Katikíìsì ni bàbá mi, ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ìdó. Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Eku ti jẹ awọ rẹ̀ níbì kan, a sì fi awọ bàtà lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá dúró lẹ́sẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, orin á kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ orin, pẹ̀lú dò-rè-mí, títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 1979 mo lọ sí Èkó, mo ríṣẹ́ akọ̀wé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan píánò tí gbogbo ohùn rẹ̀ pé. Màmá àgbàlagbà kan ní Yábà ló gbà láti kọ́ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gbé kọ́bọ̀ kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè kí kọ́bọ̀ má jábọ́. Ó jábọ́ ní nóòtì kẹta. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi tẹ ojú ewé kan ṣoṣo.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní àdúgbò wa, píánò wà níbẹ̀. Mo máa ń dé ibẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀, búrẹ́dì ni mo fi ń bẹ mẹ́gáàdì kó lè ṣílẹ̀kùn, n ó tẹ̀ títí di aago mẹ́fà ààbọ̀, n ó wá sáré wọ mólúè. Lálẹ́, wákàtí méjì míràn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó jókòó níwájú ẹni tó sanwó wọlé. Ìyá, ibi tí iṣẹ́ náà wà nìyẹn. Wákàtí kan ààbọ̀ lèrò fi ń wò ọ́ nínú ọdún kan. Èyí tó kù, ìwọ àti ògiri ni. Mi ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù ba ọmọ. Èmi fẹ́ràn ògiri náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jẹ́ pé ariwo àtẹ́wọ́ nìkan ló ń lé, kó tètè mọ̀.

Wọ́n sì tún ń fẹ́ kéèyàn kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Clara Schumann àti Liszt ló sọ ọ́ di àṣà nígbà ayé wọn, pé kí atẹdùùrù jáde láìmú ìwé dání. Liszt yìí náà ló kọ́kọ́ pe irú ètò anìkàntẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní "recital", ní London ní 1840. Mo ti ṣépè fún àwọn méjèèjì lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, òun ni mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọ yín. Onífèrè á kó fèrè rẹ̀ sínú àpò. Onígángan á fi tirẹ̀ há abíyá. Atẹdùùrù ń lọ lọ́wọ́ òfo ni. Píánò kọ́ńsáàtì ńlá lè tó nǹkan bíi mítà 2.74 ní gígùn, kó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 480. Ta ni yóò gbé e ru ọkọ̀ Adó sí Ìbàdàn? Ohun tó o bá bá níbẹ̀ lo máa tẹ̀. Ilé onílé, dùùrù onídùùrù. Horowitz nìkan ni mo mọ̀ pé ó lágbára àtigbé tirẹ̀: nígbà tó padà lọ tẹ̀ ní Moscow ní 1986, wọ́n gbé píánò ilé rẹ̀ láti Amẹ́ríkà lọ bá a níbẹ̀. Glenn Gould ará Kánádà, àga ló ń gbé kiri, àga kékeré tí bàbá rẹ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ó gbé e títí ìjókòó rẹ̀ fi gbó tán. Nígbà tó sì di 1964, kò tíì pé ẹni ọdún 32, ó ní òun ò tẹ̀ níwájú èrò mọ́. Rédíò àti àwo orin ló kù tó ń ṣe títí ó fi kú ní 1982. Ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Ìbàdàn. Oṣù kẹjọ ọdún 1991, òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da omi. Mo dé gbọ̀ngàn ní aago méjì, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ní kò tíì tó àsìkò. Aago mẹ́fà kù díẹ̀ ló ṣí i, aago méje sì lètò. Mo jókòó, mo tẹ kíì B-flat tó wà lókè C àárín, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú Nocturne Chopin tí mo fẹ́ fi ṣíde, èyí tó wà ní E-flat. Kíì náà wọlẹ̀, kò padà wá. Ó sùn síbẹ̀. Mo fi èékánná gbé e sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sùn. Òjò ti mú kí igi rẹ̀ wú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ orin yẹn, ẹ mọ̀ pé bó bá lọ síwájú díẹ̀, á tún padà sórí B-flat yìí bí ọmọ tó ń wo ẹ̀yìn bóyá ìyá rẹ̀ ṣì ń bọ̀.

Mi ò ní ẹni tí mo lè pè. Mo yọ Chopin kúrò, mo fi Prelude C ti Bach rọ́pò rẹ̀, èyí tó ṣáájú nínú ìwé rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò kan kíì yẹn. Mo sọ fún èrò pé ètò yí padà díẹ̀, mi ò sọ ìdí. Ó wá ku Beethoven. Nínú ìyẹn, B-flat pọ̀ bí erùpẹ̀. Mo ń fò ó ni, níbi tí ọwọ́ òsì bá ti ráyè, ó ń jí i dìde. Ó dé àárín gbùngbùn, iná lọ. Òkùnkùn biribiri. Píánò ò mọ̀ pé iná lọ, èmi náà ò jẹ́ kí ìka mi mọ̀. Ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, ẹlòmíràn ní kó pa á. Ìgbà tí mo parí, ariwo àtẹ́wọ́ tó sọ nínú òkùnkùn yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Lẹ́yìn ètò, ọkùnrin arúgbó kan fi igi ìtilẹ̀ rẹ̀ wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n B-flat rẹ dà?"

Ẹ bi mí nípa owó. Láàárín ogún ọdún yẹn, bí ogójì ìgbà ni mo tẹ̀ níwájú èrò. Owó kọ́ńsáàtì kò gbọ́ bùkátà ilé mi rí fún oṣù kan gbáko. Ọmọ ọlọ́mọ tí mo ń kọ́ ló bọ́ mi, àti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìgbéyàwó. Nígbà tó di pé orúnkún ń dùn mí, mo padà sí Adó, mo kọ́ni ní ilé ìwé kan títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Jàǹtò, èmi ò bá ọ jà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o ní kò sí onílù. Lọ wá orin Akin Euba gbọ́, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1935, tó lọ kọ́ píánò ní Trinity College ní London, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pittsburgh. Ohun tó ń wá kiri ni bí píánò ṣe máa ṣe bí ìlù: ọwọ́ òsì á di omele, kò ní yí ohun tó ń sọ padà, ọwọ́ ọ̀tún á wá di ìyáàlù. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà, ọdún kan náà ni wọ́n bí i pẹ̀lú Euba. Ó kú ní 1976, ẹni ọdún 41 péré. Tó o bá gbọ́ ọ tí oorun ṣì ń kùn ọ́, a jẹ́ pé iyán lo jẹ jù.

Màmá Oníyán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Háà! Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Mo kà á fún bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun. Ibi tí ẹ ti ní iyán ò ba ọwọ́ jẹ́, ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Ìgbà tí mo dé ibi owó, ó dákẹ́, ó fi omi ṣan ọwọ́, ó jáde.

Ọmọ náà kà á fúnra rẹ̀. Kò bìkítà fún owó. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun ò fọwọ́ kan píánò gidi rí. Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, ó kà á, kíì 61 ló ní, ó ní ti gidi jẹ́ 88. Ó ní tí òun bá dé òkè, kíì a tán, òun a máa tẹ èyí tó kù lórí igi lásán. Kí ni a ó ṣe sí ìyẹn?

Ìjerò l'Ékòó

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ Ìjerò ni mí, Èkó ni mo wà, iṣẹ́ píánò ni mò ń ṣe jẹun lọ́wọ́ báyìí, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí. Bàbá ti sọ ti ayé àtijọ́, ẹ jẹ́ n fi tòní kún un. Ẹ dárí jì mí, sà, mi ò gbà pẹ̀lú yín lórí iyán. Èmi ò gún un o. Ìyá mi ti bú mi títí ó ti sú u.

Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kì í ṣe kíì 27 tí kò sí nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Ó fúyẹ́. Nínú píánò gidi, kíì kọ̀ọ̀kan ló ń ju òòlù kékeré kan lu okùn irin. O tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, òòlù lọ jẹ́jẹ́. O tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára, ó gbá a. Ọgbọ́n tí Cristofori ará Ítálì dá ní nǹkan bí ọdún 1700 nìyẹn. Ọmọ tó bá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí kíì tó fúyẹ́, tó bá dé iwájú ti gidi, ńṣe ló máa dà bí ẹni tó ń fi ṣíbí wa ilẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọjọ́ tí mo lọ ṣe ìdánwò wọlé l'Ékòó, ìka mi ò ní agbára tó lè gbé orin náà jáde. Mo ń tẹ̀, kò sì sí ohùn. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ dé ilé àǹtí mi. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì padà lọ.

Èyí tí ẹ lè máa wò ni kíbọ́ọ̀dù oníná tí kíì rẹ̀ wúwo bíi ti píánò, tó pé 88. Tòkunbọ̀ wọn wà. Kò tó ti gidi, ṣùgbọ́n kò nílò ẹni tí yóò máa tún ohùn rẹ̀ ṣe, èèyàn sì lè fi íápíìsì sétí tẹ̀ ẹ́ lóru láìjí ará ilé. Kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò orin oníkíláàsì ti àwọn òyìnbó, láti kìíní dé ìkẹjọ. Tó bá ti dé òkè nínú rẹ̀, ọ̀nà ṣí fún un sí irú ilé ẹ̀kọ́ orin bíi MUSON ní Oníkan níbí, tàbí yunifásítì tó ní ẹ̀ka orin.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù o. Ìdíje àwọn atẹdùùrù tó ń gbé orúkọ jáde máa ń ní gbèdéke ọjọ́ orí. Ti Chopin ní Warsaw, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1927, kì í gba ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Van Cliburn jẹ́ ẹni ọdún 23 nígbà tó borí ní Moscow ní 1958, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. André Watts, ọmọ sójà aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni nígbà tí ara Glenn Gould tí Bàbá dárúkọ yẹn ò yá ní 1963, tí wọ́n ní kó wá rọ́pò rẹ̀ ní New York. Ó ti mọ orin náà kó tó di pé wọ́n pè é. Mo máa ń rò ó lọ́pọ̀ ìgbà, pé ká ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ kọ́ ọ ńkọ́?

Èyí tó ń dùn mí nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Nina Simone. Àwọn tó mọ̀ ọ́n bí olórin ò mọ̀ pé atẹdùùrù kọ́ńsáàtì ló fẹ́ jẹ́. Ìlú kékeré ni wọ́n ti bí i, Tryon, ní North Carolina, àwọn ará ìlú sì dáwó jọ kó lè kàwé, bí àwọn ìlú Èkìtì ṣe máa ń dáwó rán ọmọ lọ òkè òkun láyé àwọn bàbá wa. Ó lọ ṣe ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ orin Curtis Institute ní Philadelphia ní 1951, wọn ò mú un. Títí ó fi kú ló gbà pé àwọ̀ òun ni wọ́n wò. Nítorí owó tí yóò fi máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ ló ṣe lọ ń tẹ̀ ní ilé ọtí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kó máa kọrin sí i. Ní 2003, ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú, Curtis yìí kan náà fún un ní oyè ìdálọ́lá. Ìgbà yẹn!

Tèmi nílé yìí: Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, ọmọ àwọn olówó ni mò ń kọ́, láti ilé dé ilé, ìdajì wọn ò fẹ́ kọ́ ọ. Sátidé, ìgbéyàwó. Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì méjì. Mo tún máa ń bá àwọn akọrin tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìdánwò. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nìkan jókòó níwájú èrò. Mi ò lówó, mi ò sì jẹ gbèsè.

Jàǹtò Ìfàkì

Mo ti gbọ́ Euba yẹn o, Bàbá. Mi ò sùn. Mi ò lè sọ pé ó yé mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, omele ni.

Bàbá Dùùrù, Adó-Èkìtì

Jàǹtò, o káre.

Ọmọ Ìjerò, mo gbà fún ọ lórí ti oníná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi ò dùn sí i. Oníná kì í ṣe agídí síni, débi téèyàn á fi kọ́ bí yóò ṣe bá a ṣe. Píánò gidi ní ilẹ̀ wa ní ìwà. Ó ń wú lójò, ó ń gbẹ lọ́yẹ́. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sórí òkè Adó yìí, abọ́ omi ni mò ń gbé sínú tèmi nísàlẹ̀, kí pákó inú rẹ̀ má bàa là. Lọ́dún kan mo gbàgbé láti wò ó, mo ṣí i ní oṣù kejì, mo bá ọmọ eku mẹ́rin nínú ìtẹ́ tí ìyá wọn fi fẹ́ẹ̀tì orí òòlù ṣe, ó sì yan èyí tó dára jù, ti àárín, ibi tí mo ń tẹ̀ jù. Títí dòní ohùn mẹ́ta níbẹ̀ ń dún bí ìgbà téèyàn ń kan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ìyá, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. Ọ̀gá kọ́áyà yín yìí, ṣé ọkùnrin tó ga, tó jẹ́ pé tí ohùn ẹnì kan bá ṣìnà, ńṣe ló máa fi pẹ́ńsù lu àga lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ̀rọ̀?

Màmá Oníyán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Yéè! Òun gan-an ni, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta géérégé. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Bàbá Dùùrù, Adó-Èkìtì

Ọmọ tí mo kọ́ ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ dùùrù, pẹ́ńsù yẹn náà, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Ní ọdún tó fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀, ó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ìléròrò méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun gúnyán fún àlejò bàbá òun. Inú bí mi. Mo pariwo mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ odó mọ́ láyé rẹ̀. Ó sì di òfin lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà! Ẹ sọ fún un pé mo ti fagi lé e, pé àárọ̀ ìdánwò nìkan ni.

Ó mọ ilé mi. Ẹ ní kó mú ọmọ náà wá lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di aago mẹ́wàá, torí ẹni tó ń lọ ata lójúlé kejì á ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà yẹn. Kí ó mú ìwé orin rẹ̀ dání. Kí ó sì gé èékánná rẹ̀.

Màmá Oníyán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ó ti gé e, sà. Kò tíì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí mo kà á sí i létí. Bàbá rẹ̀ ní òun ló máa gbé wọn wá, pé òun fẹ́ wo píánò tí eku bímọ sí. Ẹ̀gúsí ni kí n fi sí iyán yín ni, tàbí ẹ̀fọ́ rírò?